Igi Irúgbá àti Iṣẹ́ tí a ń fi Hóró Rẹ̀ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun tàbí ti ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìròyìn ìlú òkèèrè. Irú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: irú tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ yín, àti igi tí a ti ń rí i. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, Kí ni ènìyàn lè sọ nípa irú tí yóò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ? Ẹ ṣe sùúrù fún wa. Kò sí ẹni tí kò mọ irú ní ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ igi rẹ̀ ní ojú kò pọ̀ mọ́ láàárín wa, pàápàá jù lọ àwa tí a ń gbé ìlú ńlá àti etí òkun. Ohun tí a kò mọ̀ ní ojú, a kì í tètè mọ̀ nígbà tí ó bá ń tán lọ. Igi irúgbá sì ń tán lọ. Nítorí èyí ni a ṣe dìde.

Igi irúgbá, tí àwọn mìíràn ń pè ní igi irú, kì í ṣe igi inú igbó dúdú. Igi ọ̀dàn ni. Ẹni tí ó bá gba Ọ̀yọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, tàbí tí ó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, yóò máa rí i nínú oko àgbàdo àti oko bàbà, tí ó dá dúró, tí ó na ẹ̀ka rẹ̀ bí agboòrùn. Ọ̀dàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, láti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà ní ìhà ìlà oòrùn. Ó lè ga tó 20 mítà. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi ń gba àárín wọn dé ilẹ̀. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe lè gbin oúnjẹ sí abẹ́ rẹ̀, tí oúnjẹ náà yóò sì ṣe dáadáa, nítorí ewé tí ń wọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko titun, wọn a gé igi yòókù, wọn a sì dá irúgbá àti igi emi sí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i: ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi irúgbá tí a ń ká èso rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Ẹyẹ àti ọ̀bọ ni ó gbé hóró wọn kiri, àdá àgbẹ̀ ni ó sì yọ́nú sí wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi yìí ń yọ òdòdó. Òdòdó náà pupa, ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù ọmọdé, ó sì ń rọ̀ sílẹ̀ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ó ń là, tí oje dídùn sì ń sun nínú rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn àdán yóò dé láti wá lá oje náà, tí wọn yóò sì máa gbé àtíkè òdòdó láti orí igi kan lọ sí òmíràn. Àwa ènìyàn kò fẹ́ràn àdán. A ń sọ ọ́ lókò, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wa. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí àdán ń ṣe ní òru ni ó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ń mú irúgbá so.

Èso rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òmíràn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Wọ́n ń so pọ̀ ní ìdì kan, bí ìka ọwọ́. Bí ó bá ti gbó, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, èèpo rẹ̀ a di dúdú. Nínú èèpo náà ni ìyẹ̀fun kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè, tí ó dùn, tí àwọn ọmọdé oko ń fi ẹnu lá títí gbogbo ètè wọn yóò fi pọ́n. Àárín ìyẹ̀fun yìí ni àwọn hóró dúdú wà, tí wọ́n le bí òkúta.

Nípa orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe igi náà, Parkia, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà láti sọ. Robert Brown ni ó fún un ní orúkọ yìí ní 1826, ní ìrántí Mungo Park, ará Skọ́tlándì, ẹni tí ó rìn láti odò Gáḿbíà títí dé Odò Ọya láàárín 1795 sí 1797. Nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1799, Park ròyìn igi tí àwọn Mandinka ń pè ní nitta, àti bí ìyẹ̀fun inú èso rẹ̀ ṣe ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ebi. Ní 1806 ni ó kú nínú Odò Ọya ní Bùsà, ibi tí omi adágún Kainji ti bò mọ́lẹ̀ láti 1968. Bí ó ti rí nìyẹn: igi tí ó bọ́ ọkùnrin yìí ní ọ̀nà ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ kí ó tó dé ní orúkọ tí wọn ì bá fẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn so orúkọ eṣú mọ́ ọn. Ìtàn rẹ̀ ni èyí. Igi kan wà ní ilẹ̀ Palẹstínì tí èso rẹ̀ gùn bí ti irúgbá, tí ó sì dùn. Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ kan rò pé kì í ṣe eṣú tí ń fò ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi jẹ ní aginjù, pé èso igi yẹn ni. Wọ́n sì fi orúkọ eṣú pe èso náà. Nígbà tí wọ́n wá rí irúgbá ní Áfíríkà, wọ́n ní ó jọ ọ́, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé sọ pé èso igi Palẹstínì yìí kan náà ni ọmọ onínàákúnàá ń wò lẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀. Ní ti Jòhánù, àwa kò rí ìdí tí a fi ní láti wá igi kiri. Ìwé Léfítíkù orí kọkànlá gba eṣú láyè fún jíjẹ, àwọn ará oko wa náà sì mọ bí eṣú yíyan ti rí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí irú fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni, ìyá sì ni ó ń kọ́ ọmọ. Àwọn tí ó bá rí obìnrin oníirú lójú ọjà, pẹ̀lú igbá rẹ̀ kékeré níwájú, lè rò pé òwò tí kò nílò làálàá ni. Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. A kọ́kọ́ fọ ìyẹ̀fun kúrò lára hóró. Lẹ́yìn náà a gbé hóró ka iná nínú ìkòkò ńlá, a ó sì sè é láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ní ibòmíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń sè é kò lè sùn tán, nítorí omi kò gbọdọ̀ gbẹ, iná kò sì gbọdọ̀ kú. Ìdí rẹ̀ ni pé èèpo hóró náà le, omi tútù kò ràn án, rírẹ lásán kò ràn án. Bí ó bá ti rọ̀, a ó dà á sínú odó, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí a fi ọmọrí odó gún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn mìíràn ń bu iyanrìn sí i kí èèpo lè tètè bó. Lẹ́yìn èyí, ó di etí odò. Ibẹ̀ ni a ó ti máa fọ̀ ọ́ nínú agbọ̀n, tí èèpo dúdú yóò máa bá omi lọ, tí hóró funfun yóò sì kù sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó ń dun ènìyàn níbi iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ kan ń gbọn agbọ̀n, ọwọ́ kejì ń ṣa èyí tí kò bó. Iyanrìn tí ó bá kù nínú rẹ̀, inú ọbẹ̀ oníbàárà ni yóò ti jẹ́rìí sí aláìṣòótọ́.

A ó tún hóró mímọ́ yìí gbé ka iná lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Níhìn-ín ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹni tí ó ń ṣe irú wooro kò ní fi ohunkóhun sí i, kí hóró lè dá dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń ṣe irú pẹ̀tẹ̀ yóò fi káún sí i kí ó lè rọ̀ kí ó sì lẹ̀ mọ́ra. A ó sẹ́ omi rẹ̀ dànù, a ó sì dà á nígbà tí ó ṣì gbóná sínú igbá tàbí agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, a ó fi ewé bò ó, a ó fi àpò tàbí aṣọ nípọn wé e, a ó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kò sí ìwúkàrà tí a ń fi sí i. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀.

Kí ni ó mú un gbóná? Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gbóná, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó tó. Àwọn onímọ̀ ni ó wá sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀dá kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, Bacillus subtilis ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gbé inú ilẹ̀, ó ń gbé ara ewé àti ara igbá, irúgbìn rẹ̀ sì yigbì tó bẹ́ẹ̀ tí sísè kì í pa gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ti bá hóró irúgbá tútù nínú ooru, a bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, a sì máa tú purotéènì inú hóró palẹ̀, èyíinì ni ohun tí ń kọ́ ẹran ara. Ooru igbá náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òórùn tí ń ta ni ní imú, àti okùn tí ń fà láti hóró dé hóró, iṣẹ́ rẹ̀ náà ni. Igbá tí obìnrin oníirú ń lò léraléra kì í ṣe ohun àìmọ́tótó bí àwọn ọmọ ilé ìwé kan ti ń sọ. Ó wà lára ohun tí ń mú irú rẹ̀ jọra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáánì, àwọn ènìyàn ń jẹ oúnjẹ kan tí a ń pè ní natto, tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, irú ẹ̀dá kan náà yìí ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò jìnnà sí ti irú, okùn rẹ̀ sì ń fà. Àwọn ará Jàpáánì kì í tì í pamọ́ nítorí àlejò.

Àwa ni a ń tì í pamọ́. A fẹ́ sọ èyí láìfi bò. Àwọn kan wà nínú ìjọ wa tí kì í jẹ́ kí a fi irú sí ọbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe àlejò ẹni ńlá, kí ilé má baà rùn, tí wọn yóò sì lọ ra màgí dípò rẹ̀. Àwa kò bá màgí jà. Ó rọrùn, kò gba sísè òru. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni iyọ̀, irú kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbẹ hóró irúgbá, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tí ó jẹ́ purotéènì, ọ̀rá tí ó dára sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí a má ṣe àsọdùn: ìwọ̀n irú tí ń wọ inú ìkòkò kan kò pọ̀, kò sì lè di ẹran fún ẹni tí kò rí ẹran jẹ. Síbẹ̀ ewédú tí kò ní irú, ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ́ mọ̀ bí ó ti rí.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó mọ adùn rẹ̀. Àwọn Haúsá ń pè é ní dáwàdáwà, àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Benin ń pè é ní afitin, àwọn Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gà ń pè é ní nététou, àwọn tí ń sọ èdè Bambara sì ń pè é ní sumbala. Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan sí òmíràn ni hóró rẹ̀ ti ń rin ọjà láti ìgbà pípẹ́, tí àwọn obìnrin Yorùbá ìsàlẹ̀, tí igi náà kò hù ní ìlú wọn, sì ń gbára lé ohun tí ó ti òkè wá.

Nípa ìlò mìíràn, a ó kàn wọn lérèfé ni. Wọ́n ń yan hóró náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń mu ún bí kọfí ní àwọn ibì kan ní ilẹ̀ tí Faransé ti jọba rí. Èèpo èso tí a ti kó hóró inú rẹ̀ kò ṣòfò: àwọn ará òkè ń rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n sì ń fi omi náà tẹ́ ilẹ̀ ilé àti ògiri amọ̀ kí òjò má baà tètè wẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ń ṣe awọ mọ ìlò èèpo igi rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi omi èèpo igi náà yọ ẹnu nígbà tí eyín bá ń dùn wọ́n.

A ti sọ pé a ó padà sí ọ̀rọ̀ bí igi wọ̀nyí ti ṣe wà. Àdá àgbẹ̀ ni ó dá wọn sí, a wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdá náà ti yí padà. Nígbà tí a bá ń fi katakata tú ilẹ̀, a kì í dá igi kankan sí, nítorí gbòǹgbò ń ṣẹ́ irin. Ní Òkè-Ògùn àti ní àyíká rẹ̀, àwọn tí ń sun èédú ti gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi ọ̀dàn, wọn kò sì béèrè èyí tí ń so. Èédú ń mú owó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irúgbá ń mú un wá lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de oṣù kẹta. Àwọn igi tí ó kù sì ti gbó. Àwọn ọmọ wọn tí ì bá rọ́pò, iná ìgbẹ́ ń jó wọn ní kékeré, ewúrẹ́ àti màlúù sì ń jẹ èyí tí iná fi sílẹ̀.

Kí ló dé tí a kò fi gbìn ín? Ìdí kan ni pé ó ń pẹ́. Ó lè gba ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí ó tó so. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa gbin obì, obì náà sì ń pẹ́. Ìdí tí ó lágbára jù, lójú tiwa, wà nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ dá oko ní ẹ̀tọ́ sí iṣu àti àgbàdo rẹ̀; igi eléso tí ó wà lórí ilẹ̀ náà, ti onílẹ̀ ni. Bí àgbàtọ́ bá gbin igi, onílẹ̀ yóò rò pé ilẹ̀ ni ó fẹ́ gbà. Nítorí náà àgbàtọ́ kì í gbìn ín. Onílẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe irú. Ìyàwó rẹ̀ tàbí obìnrin mìíràn ni ó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí igi, kì í sì í rí i bí ohun tí ó yẹ kí ó fi ọkọ́ rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin tí gbogbo òwò wọn dúró lé igi yìí, tí ó mọ hóró tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, àwọn ni kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò gbìn ín sí. Ní àwọn ọdún tí ó sún mọ́ wa yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú nítorí hóró irúgbá ti wọ́n. A kò dá wọn lẹ́bi, bí wọ́n bá ti sọ fún oníbàárà ohun tí ó jẹ́.

Ìbéèrè tí a gbé wá fún yín ní alẹ́ yìí kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ wa ní ilẹ̀: ilẹ̀ ilé ìwé, ilẹ̀ ìsìnkú, ilẹ̀ tí àwọn tí ó ti sùn fi sílẹ̀ tí koríko bò. Ẹ̀yin onílẹ̀ náà wà níbí, a rí yín. Ṣé ẹ kò lè jẹ́ kí àwọn obìnrin oníirú gbin irúgbá sí ààlà ilẹ̀ wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé pé èso rẹ̀ jẹ́ tiwọn, bí ilẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti yín? Ìwé náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ ẹnu dára nígbà tí ẹni tí ó sọ ọ́ bá wà láàyè, ṣùgbọ́n igi yìí yóò pẹ́ ju gbogbo àwa tí a wà nínú ilé yìí lọ.

Gbígbìn rẹ̀ kò ṣòro. Kí a mú hóró tí ó gbó, kí a da omi gbígbóná lé e, kí a fi sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì kí èèpo líle rẹ̀ lè gba omi. Kí a gbìn ín sínú agolo tàbí àpò kékeré tí ó ní erùpẹ̀ dáadáa, kí a gbé e sí abẹ́ òjìji díẹ̀, kí a sì máa bomi rin ín. Bí òjò bá ti rọlẹ̀ dáadáa, kí a gbé e lọ sí oko. Kí a fi ìwọ̀n mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí àárín igi kan àti èkejì. Kí a fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́, kí a sì ro ìdí rẹ̀ mọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nítorí iná. Ní ti hóró tí a ó gbìn, ọ̀dọ̀ àwọn oníirú ni kí ẹ lọ, ní ìgbà tí èso bá gbó, kí ẹ sì tètè lọ, kí wọ́n tó gbé e ka iná.